Ìwé Tí Dókítà Buwọ́ Lù Kí Aláìsàn Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá 1964

Akunnilóorun ni ẹni tí ó ń fi oògùn mú ènìyàn sùn kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, tí ó jókòó síbi orí rẹ̀, tí ó ń ka èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, tí ó sì ń jí i padà fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé dókítà tuntun bi mí ní ìpàdé òwúrọ̀ yìí pé kí gan-an ni iṣẹ́ mi. Níwájú gbogbo nọ́ọ̀sì. Mo dá a lóhùn gẹ́lẹ́ bí mo ti kọ ọ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó yé mi. Nọ́ọ̀sì tí ó ń bá dókítà di ìbomú mú ni ìwọ."

Ìwọ. Mo fi ọdún méje ju ọmọkùnrin náà lọ.

Ó yẹ kí n ti sọ ìyókù fún un. Oorun abẹ kì í dédé dé. Oògùn ló ń mú un wá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ pinnu èwo, mélòó, àti ìgbà wo. Ìpinnu yẹn ni à ń pè ní pípàṣẹ oògùn. Ọdún mẹ́rin ni mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, mo tún fi oṣù mẹ́rìndínlógún kọ́ nípa oorun nìkan lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Dókítà òyìnbó tí ó lọ sílé ní oṣù kẹjọ, Baba Onírùngbọ̀n, kì í ṣọ́ mi lẹ́yìn. Èmi ni mo ń wọn aláìsàn, èmi ni mo ń ṣírò, èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ mi ló sì ń wà lábẹ́ rẹ̀: M. Àkànjí. Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ènìyàn ni mo ti mú sùn ní ilé ìwòsàn orí òkè yìí. Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́sàn-án ló jí. Mo mọ orúkọ àwọn méjì tí kò jí. Mo mọ orúkọ ìyá wọn.

Olúdayọ̀ ni dókítà tuntun yìí ń jẹ́. Gègé aláwọ̀ wúrà kan wà lápò àyà rẹ̀. Gègé Wúrà ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹwàá

Ìwé kan tí Gègé Wúrà kọ ti wà lára ògiri kí n tó dé iṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀: "Láti òní lọ, nọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ pàṣẹ oògùn, títí kan nọ́ọ̀sì tí ń mú ènìyàn sùn. Oògùn tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé dókítà kò gbọdọ̀ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Philip ló ń tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì bí ẹni so ìbọn. Kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń pè é, ó sì mọ̀. Ó dúró níwájú ìwé náà, ó ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó ní, "Sístà, àṣẹ ti dé o." Inú rẹ̀ dùn. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti pa ayọ̀ náà mọ́.

Mo lọ bá Gègé Wúrà. Mo rọra ṣàlàyé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ń lọ wo àwọn aláìsàn ní Ẹ̀fọ̀n, ọjọ́ Ẹtì ní Ìjerò. Oògùn tí a ń fún aláìsàn kí ó tó wọ yàrá abẹ gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ fún wákàtí kan. Bí a bá ránṣẹ́ pè é láti Ẹ̀fọ̀n, aláìsàn gbọ́dọ̀ ti múra tán kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gun òkè wa. Ta ni yóò buwọ́ lù ú nígbà tí dókítà wà lójú ọ̀nà?

Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun ti ronú sí i.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí ohun tí ó rò.

Ìwé kékeré kan, ojú ewé ogún. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan ó ti kọ oògùn méjì sílẹ̀. Pẹ́tídíìnì, ọgọ́rùn-ún míligíráàmù: èyí ni ó ń pa ìrora, tí ó ń mú ara rọlẹ̀. Atropíìnì, ìwọ̀n àgbàlagbà: èyí ni ó ń gbẹ itọ́ kí ó má baà há aláìsàn lọ́fun. Nísàlẹ̀, orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú gègé wúrà. Ogún ìgbà. Àyè kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀: orúkọ aláìsàn.

Ó ní nọ́ọ̀sì kò pàṣẹ mọ́ báyìí, dókítà ló pàṣẹ.

Fún ta ni? Fún ẹni tí yóò wá. Bóyá ìyá arúgbó láti Ará ni, bóyá ọmọge, bóyá ọkùnrin tí ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ó dà bí aránṣọ tí ó ti gé ṣòkòtò fún gbogbo ìlú láìwọn ìdí ẹnìkan.

Mátírọ́ọ̀nù Florence ní kí n fara balẹ̀. Obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì, ó sì ń ka ọdún náà lóṣooṣù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹwàá

Òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ibùdó kòkó Ọ̀ṣẹ́nì tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni mo ń kó àwọn aláìsàn mi lọ. Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ Ìkòrò ni, ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Yóò gbé àpò kúrò lórí òṣùwọ̀n, aláìsàn yóò gun orí rẹ̀, n ó kà á. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

N kì í gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n tí n kò tíì dán wò. Lónìí mo gbé àpò iyọ̀ tí wọn kò tíì tú lé e, èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára. Òṣùwọ̀n fi pọ́n-ùn mẹ́rin dín in kù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pọ́n-ùn mẹ́rin geere.

Mo sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Sístà, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ gbọ́!" Mo ní kí ó tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ó lọ sọ ọ́ ní Mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, n ó máa fi mẹ́rin kún un.

Ìyàwó rẹ̀, Tàwàkálítù, gun orí rẹ̀ pẹ̀lú nítorí ẹ̀fẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Pọ́n-ùn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, pẹ̀lú mẹ́rin tí mo fi kún un. Eegun kékeré. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bú u pé kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹwàá

Inú ń bí mi gan-an. N ó kọ ọ́ bí ó ti rí.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n gbé Tàwàkálítù dé. Ó ti ń rọbí láti ìdájí. Mátírọ́ọ̀nù fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí: ọmọ dábùú. Kò lè gba ọ̀nà jáde. Abẹ ni. Gègé Wúrà ti lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ọlájídé awakọ̀ fi eré sá lọ pè é. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n múra obìnrin náà sílẹ̀.

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sójú ewé kan nínú ìwé ogún náà, mo gbé e lọ bá Kọ́kọ́rọ́. Mo ní atropíìnì nìkan ni mo fẹ́.

Ó fi ìka tẹ ìwé. Ó ní méjì ni dókítà kọ, méjì ni òun yóò kó jáde, àbí kí òun má kó ìkankan.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní, "Bọ̀dá Philip, ohun tí ó bá wọ ara ìyá ni ó ń wọ ara ọmọ inú. Ọgọ́rùn-ún pẹ́tídíìnì nínú obìnrin tí kò ju báyìí lọ, ọmọ náà yóò mu nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ rí láyé. Tí wọ́n bá gbé e jáde, yóò máa sùn. Kò ní rántí pé ó yẹ kí òun mí."

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Gba méjèèjì. Kọ ọ́ pé o fún un, kí o dà á sí gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é! Ó sọ ọ́ láìrẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni ń sọ iye ọjọ́ tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ùwé lẹ̀ ń wò ni, àbí ọmọ mi?"

Mo gba méjèèjì. Mo fún Tàwàkálítù ní atropíìnì. Ìgò pẹ́tídíìnì, n kò fọ́ ọ lọ́rùn. Mo fi í sínú àpòòwé, mo fi pílásítà lẹ ẹnu rẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i, mo fi lé Mátírọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Nínú fáìlì aláìsàn mo kọ ọ́ pé: "Pẹ́tídíìnì: n kò fún un. Ọmọ ṣì wà nínú. Èmi ni mo pinnu bẹ́ẹ̀. M. Àkànjí. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú."

Gègé Wúrà dé ní aago méjìlá kọjá díẹ̀. Eruku Ẹ̀fọ̀n wà lórí irun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Mo mú obìnrin náà sùn, oorun fẹ́lẹ́, bí aṣọ tí a fi bo ọmọ lọ́sàn-án. Ọmọ náà ké kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde tán. Ó ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú.

Ìgbà tí dókítà ń rán ojú ọgbẹ́ ni ó bèèrè aago tí mo fún un ní pẹ́tídíìnì. Mo ní n kò fún un. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ta ló ní kí n má fún un. Mo ní èmi. Ó ní òun pàṣẹ rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ̀yin kò tíì rí obìnrin yìí nígbà tí ẹ pàṣẹ."

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń rán ojú ọgbẹ́ náà. Ọmọ náà nìkan ló ń ké.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo gba ìgò pẹ́tídíìnì lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù, mo lọ dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní ìwé òun sọ pé ó ti wọ ara Tàwàkálítù. Bí òun bá gbà á, ìgò á lé ọ̀kan, ìwé òun á sì di irọ́.

Mo ní ìwé rẹ̀ ti di irọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Òṣùwọ̀n, irọ́ tí dókítà buwọ́ lù kì í ṣe irọ́."

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹwàá

Ọmọ Tàwàkálítù ń mu ọmú dáadáa. Ọkùnrin ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n fún mi ní ìwé ìwádìí, kí n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n lè lé mi. Ẹ̀sùn mẹ́ta: pé mo tàpá sí àṣẹ dókítà, pé mo fi àṣẹ ara mi rọ́pò rẹ̀, pé ìgò pẹ́tídíìnì kan wà lóde tí ìwé kọ́bọ́ọ̀dù kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ó bí mi nínú jù. Ẹ wò ó. Bí mo bá fún un, iṣẹ́ dókítà ni. Bí n kò bá fún un, ìgbéraga mi ni. Bí mo bá fún un tí ọmọ náà sì kú ńkọ́? Wọn ì bá ní Sístà ló gún un lábẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi dára fún wọn, ojú mi dára fún wọn, orúkọ mi nìkan ni wọn kò fẹ́ rí lórí ìwé.

Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Mátírọ́ọ̀nù kà á, ó ní kí n ké e kù sí ọ̀kan. Ó ní àwọn àgbà kì í ka ìbínú tí ó bá gùn. Mo ké e kù. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nìyí: "N kò tàpá sí àṣẹ dókítà lórí aláìsàn yìí, nítorí pé dókítà kò pàṣẹ kankan lórí aláìsàn yìí. Ó pàṣẹ lórí ojú ewé. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ aláìsàn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ lónìí, ní Ìkòrò. N kò lè lọ. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì gbé oúnjẹ wá fún mi dé ẹnu ilé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n pè mí lẹ́jọ́. Ó ní, "Ẹni í bá ọmọ mi dá ẹ̀mí sí, òun ni wọ́n fẹ́ lé lẹ́nu uṣẹ́?" Ó fi ìbínú jókòó lórí àga mi fún wákàtí kan. Ó ṣe mí láǹfààní púpọ̀ láti rí ẹlòmíràn tí ó ń bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹwàá

Ìgbìmọ̀ jókòó. Alàgbà Bánjọ ni alága, ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó tún gbé ẹgba kékeré rẹ̀ wá, ó fi í tẹ tábìlì bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ pọ̀.

Ó bi dókítà léèrè ọjọ́ tí ó buwọ́ lu ojú ewé náà. Dókítà ní ọjọ́ kẹjọ. Ó bi í léèrè ọjọ́ tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìrọbí. Ogúnjọ́. Alàgbà bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Ẹ ti máàkì ìwé ìdánwò kí ọmọ tó jókòó ìdánwò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gègé Wúrà kò rẹ́rìn-ín. Ó sì sọ ohun kan tí n ó kọ síbí láìbù ú kù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé Sístà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí yóò tẹ̀ lé Sístà ni òun ń rò. Bí a bá ní nọ́ọ̀sì lè pàṣẹ oògùn, lọ́la ẹni tí kò kọ́ ohunkóhun yóò di abẹ́rẹ́ mú ní abúlé, yóò sì ní Sístà Mojísọ́lá náà ń ṣe é. Ó ní bí ènìyàn bá kú, dókítà ni ọlọ́pàá ń wá, wọn kì í wá nọ́ọ̀sì.

Mo ní bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò kọ́ ọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. Kí wọ́n dán mi wò. Kí wọ́n kọ oògùn tí mo mọ̀ sílẹ̀, kí n má sì fọwọ́ kan èyí tí n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ẹni tí kò sí nílé ṣe ìbòrí fún iṣẹ́ ẹni tí ó wà nílé.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ìdájọ́: n kò jẹ̀bi. Kí Philip gba ìgò padà. Wọn yóò kọ̀wé sí ìjọba ní Ìbàdàn láti bèèrè ohun tí òfin wí. Títí èsì yóò fi dé, kí gbogbo nǹkan máa lọ bí ó ti wà.

Bí ó ti wà! Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́ kù nínú ìwé náà.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kọkànlá

N kò ní fọwọ́ kan ìwé ogún náà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó kọ ọ́. N ó dúró sí yàrá abẹ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Àìkú. Ojú tì mí.

Bàbá arúgbó kan láti Ará, Bàbá Lukman, ṣubú láti orí àjà kòkó, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e dé láàárọ̀. Gègé Wúrà ti lọ sí Ìjerò. Simiat, nọ́ọ̀sì ọlọ́dún kejì, wá bi mí bí ó ṣe yẹ kó ṣe. Mo ní ìwé wà lọ́dọ̀ Philip, kí ó lọ kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí. Mo wà lẹ́nu fífọ ìbomú.

Ó kọ ojú ewé kan ní aago mẹ́sàn-án, ó fún bàbá ní ọgọ́rùn-ún pẹ́tídíìnì. Aago mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì mìíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ṣì ń kérora. Kò sí àyè fún aago lójú ewé náà, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ aago tí yóò bọ́ sí. Nọ́ọ̀sì kejì kọ ojú ewé kejì. Ọgọ́rùn-ún mìíràn. Fún bàbá tí kò wúwo ju àpò gàrí kan lọ.

Simiat ló sáré wá pè mí. Ó ń sunkún. Ètè bàbá ti dúdú. Mo kà á: èémí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé àpò afẹ́fẹ́ lé e lójú, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń mí fún un. Mo rán Simiat lọ bá Kọ́kọ́rọ́ fún nalọfíìnì, oògùn tí ń lé pẹ́tídíìnì kúrò lára. Ó sáré padà lọ́wọ́ òfo. Nalọfíìnì kò sí lójú ewé tí dókítà buwọ́ lù.

Mo fi àpò lé Simiat lọ́wọ́, mo fi bí yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ hàn án, mo lọ fúnra mi. Mo ti múra ìjà. N kò rántí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kọ́kọ́rọ́ wò mí. Ó wo ìwé. Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára bẹ́líìtì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́.

"Kọ orúkọ tí o bá fẹ́," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo kọ orúkọ mi.

Wákàtí méjì ni mo fi jókòó síbi orí bàbá. Oògùn yẹn kì í pẹ́ lára. Mo fún un lẹ́ẹ̀kejì. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó la ojú, ó sì bèèrè ẹni tó bá òun gbé àdá òun. Simiat bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì tún bú sẹ́kún.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Mo fi ìbínú mi pamọ́ sí yàrá abẹ, mo sì fi ọmọ tí ó wá bi mí léèrè sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kọkànlá

Gègé Wúrà ránṣẹ́ pè mí. Ojú ewé méjèèjì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá Lukman, Bàbá Lukman. Olúdayọ̀, Olúdayọ̀.

Ó ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ẹ. Mo gbọ́ ọ.

Ó bèèrè ìwọ̀n bàbá náà. Mo sọ fún un. Ó ṣírò rẹ̀ lórí bébà. Ó ní òun kò rí bàbá yìí rí láyé. Ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, òun sì wà ní Ìjerò, òun ń wo etí ọmọdé.

Mo ní bí ó bá kú, ta ni ọlọ́pàá ì bá wá?

Ó ti ojú ewé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì lè pàṣẹ. Òfin kọ́ ni òun. Mo ní mo mọ̀. Mo ní n kò wá tọrọ òfin, èsì Ìbàdàn ni mo ń dúró dè. Ṣùgbọ́n òfin kan kò ní kí ènìyàn buwọ́ lu ìwé òfìfo.

Ó mú ìwé ogún náà, ó ya ìyókù. Mo kà wọ́n bí ó ti ń ya wọ́n: mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kọkànlá

Gègé Wúrà kò fi nǹkan kan rọ́pò ohun tí ó ya. Lọ́la ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Èsì kò tíì ti Ìbàdàn dé. Kọ́kọ́rọ́ wá bá mi láàárọ̀, kò pè mí ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Ó ní, "Sístà, kí ni kí n máa fi kó oògùn jáde lọ́la?"

Mo jókòó, mo kọ ìdáhùn mi sórí bébà líle kan, lẹ́tà ńláńlá, kí Simiat lè kà á láti ibi tí ó bá dúró. Mo buwọ́ lù ú. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Gègé Wúrà gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán. Ó dúró, ó kà á tán, ó yọ gègé rẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó tún dé e padà. Kò buwọ́ lù ú. Kò sì ya á.

Kọ́kọ́rọ́ ti ń kà á sókè fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

Kí o tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, wọ̀n ọ́n. Bí òṣùwọ̀n kòkó ni o lò, kọ́kọ́ fi àpò iyọ̀ dán an wò. Bèèrè oògùn tí aláìsàn ti gbà lónìí, àti aago tí ó gbà á, kí o kọ méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka orúkọ ẹni tí ó pàṣẹ oògùn náà sókè. Bí ẹni náà kò bá tíì fi ojú ara rẹ̀ rí aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ yìí, gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, kí o lọ pe ẹni tí ó ti rí i.